Ilé Tí A Ń Lò Kì í Tètè Wó

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, katakata wọ ojúde Tinúbú ní Èkó, ó sì wó ilé kan tí ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1855. Ilé náà ni àwọn ará Èkó mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez, tí í ṣe Àgùdà, ni ó kọ́ ọ, tí wọ́n ń ta ọtí àti oúnjẹ níbẹ̀. Ní ọdún 1933 ni ìdílé Ọláìyá rà á. Ní ọdún 1956 ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láìgba àṣẹ. Ọgọ́ta ọdún gbáko ni ìwé ìjọba fi dáàbò bo ilé yìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí katakata dé, kò bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn. Ìjọba ń sọ tirẹ̀, ẹbí ń sọ tirẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Àwa tí a wà ní òkè òkun náà gbọ́, a sì kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbínú wa rọlẹ̀, ìbéèrè kan kù tí kò jẹ́ kí a sùn: kí ni àwa fúnra wa fi ilé náà ṣe nígbà tí ó wà lóòró? Mélòó nínú wa ló wọ inú rẹ̀ rí? Ta ló mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti fi hàn án? Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ wa kọjá níwájú rẹ̀ nígbà tí a ń lọ ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà, a kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ilé àtijọ́ wò nínú ìwé wa yìí, kí a mọ èyí tó wó àti èyí tó dúró, kí a sì mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn tó ti òkun dé

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé àwọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì àti sí Kúbà. Ọ̀pọ̀ wọn kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀. Àwọn kan di bíríkìlà, àwọn kan di káfíńtà, àwọn mìíràn di aránṣọ tàbí alásè. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835 àwọn Mùsùlùmí tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá dìtẹ̀ ní ìlú Salvador. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìjọba ibẹ̀ sì lé àwọn kan jáde ní tipátipá, ó fi ayé ni àwọn adúláwọ̀ olómìnira tó kù lára. Láti ìgbà náà lọ ni àwọn tó ti ra ara wọn padà ti ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀ wá sí Èkó, sí Àgbádárìgì, sí Àjàṣẹ́ àti sí Ouidah.

Nígbà tí wọ́n fi máa fi òpin sí oko ẹrú pátápátá ní Bràsíìlì ní ọdún 1888, àdúgbò wọn ní Èkó ti lórúkọ: Pópó Àgùdà. Títí di òní, òpópónà kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ro orúkọ yìí wò. Orúkọ tí a ń sọ àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín náà ni. Àwọn Àgùdà kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rin ọ̀nà tí àwa náà ń rò pé a óò rìn padà lọ́jọ́ kan. Àjò kò dùn kí onílé má relé, wọ́n sì relé lóòótọ́.

Ohun tí wọ́n gbé bọ̀ kò kéré. Wọ́n gbé fẹ̀rẹ́jọ̀nù tí a fi ẹ̀wà àti omi àgbọn sè bọ̀, tí a ṣì ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì Rere. Wọ́n gbé eré Kàrẹ́tà bọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ bọ̀. Agbo ilé wa àtijọ́ máa ń yí àgbàlá po, yàrá á sì kọjú sí inú. Ilé Àgùdà kọjú sí títì. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàrin, yàrá lọ́tùn-ún lósì, ó sábà máa ń jẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ lókè bí òṣùmàrè, wọ́n sì máa ń mọ òdòdó àti ewé sí ara ògiri. Nígbà tí owó kòkó dé, àwọn oníṣòwò Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Iléṣà àti Òṣogbo náà ń kọ́ irú rẹ̀. Bí baba ńlá rẹ bá kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì láyé ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ Bàhíà wà lára ilé rẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀.

Ní òpópónà Kakawa ni ilé kan wà tí a mọ̀ sí Casa da Água, èyíinì ni Ilé Omi. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, ni ó padà dé láti Bàhíà, tí ó gbẹ́ kànga síbẹ̀, tí àwọn ará ìlú sì ń ra omi lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé Bràsíìlì kan, Antonio Olinto, fi orúkọ ilé náà pe ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ní ọdún 1969. Bẹ́ẹ̀ ni ilé kan ní Èkó ṣe dé ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní òdìkejì òkun.

Ìwé nìkan kò tó

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ilé méjì wé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni Ilojo Bar tí a ti sọ. Èkejì ni mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta, ẹni tí a mọ̀ sí Shitta-Bey, fi owó ara rẹ̀ kọ́ ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ni ó darí iṣẹ́ náà. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ayé ti rí: Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ àwọn bíríkìlà Àgùdà, síbẹ̀ wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí fún àwọn Mùsùlùmí. Ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú, mọ́ṣáláṣí àgbà tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó tẹ̀lé e jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà débi pé àlejò lè ṣì í.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìjọba tó ka mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 2013. Ní gbogbo ìgbà náà kò ní ìwé tí Ilojo Bar ní. Kí ló wá mú un dúró? Ìrun ni. Lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń wọ inú rẹ̀ nígbà márùn-ún. Bí òjò bá jò, ẹni tó ń kírun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Bí ògiri bá sán, wọn yóò dáwó jọ kí Jímọ̀ mìíràn tó dé. Ilojo Bar ní ìwé, ṣùgbọ́n kò ní ẹni tí jíjò rẹ̀ ń dùn.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ilé àtijọ́ tún máa ń sọ ohun kan tí ó yẹ kí a mọ̀. Amọ̀ tàbí bíríkì tútù ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, àpòpọ̀ yanrìn àti ẹfun jíjó ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi, ó sì máa ń tú u jáde bí oòrùn bá là. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó nítorí kí ó lè dán, omi á há sínú, ògiri á máa jẹrà láti inú wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun pé kí wọ́n tún ilé baba òun ṣe ni ó jẹ́ pé owó rẹ̀ gan-an ni ó wó ilé náà. Ìfẹ́ láìsí ìmọ̀ náà lè pa ilé.

Ẹ̀wọ̀n tó di ibi eré

Ó wà ní Èkó kan náà, kò jìnnà sí ojúde Tinúbú, ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ní òpópónà Broad Street, àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní nǹkan bí ọdún 1882. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀ àkọ́kọ́, koríko ni òrùlé rẹ̀, àwọn tí inú ń bí sì ń ju iná sí i. Nígbà tó di ọdún 1885 wọ́n kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi tún un kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà gbé ibẹ̀ nínú ọjọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n kúrò, wọ́n sì wó ọgbà náà ní ọdún 1979. Ibẹ̀ di ààtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ro ibẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fara mọ́ ọn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà ń ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún òmìnira. Freedom Park ni wọ́n ń pè é, Ọgbà Òmìnira. Ibi tí wọ́n ti ń so ènìyàn rọ̀ ni wọ́n sọ di orí ìtàgé. Ipa àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n ṣì wà níbẹ̀ tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ wọn bí yàrá náà ti há tó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà Èkó, tí àwọn akọrin ń kọrin, tí àwọn olólùfẹ́ ń jókòó jẹun. Ilé ibẹ̀ tó kù kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ wà láàyè nítorí pé àwọn ènìyàn ń lò ó.

Kò tó ìrìn jíjìn láti ibẹ̀ sí Oníkan. Ní ọdún 1928 Dókítà John Randle fi owó ara rẹ̀ ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ kí àwọn ọmọ Èkó lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ó bàjẹ́ nígbà tó yá. Lónìí, odò ìlúwẹ̀ẹ́ tuntun ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ńlá kan fún àṣà àti ìtàn Yorùbá tí ń jẹ́ orúkọ dókítà náà, tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìṣíṣí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Bí ẹ bá mú àwọn ọmọ lọ sílé nígbà ìsinmi, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n padà láìdé ibẹ̀.

Ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀

Ẹnìkan lè sọ pé ìjọba ló lówó irú èyí. Rárá o. Ní Òṣogbo, òṣèré ńlá wa Dúró Ládiípọ̀ ní ilé ọtí kan. Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ó sọ ilé ọtí náà di ibi eré àti ibi àwòrán. Orúkọ Mbari ni wọ́n fún un, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ Igbo tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Ìbàdàn ti ń lò láti ọdún 1961. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá ni àwọn ará Òṣogbo fi gbọ́ ọ, wọ́n sì ń pè é ní Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni tí ń sọ pé bí òun bá rí i, òun ìbá yọ̀.

Eré Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí i. Nígbà tí ó pé ọdún kan, ní 1963, Ọba Kò So jáde níbẹ̀. Ní 1964 eré náà dé Berlin, ní 1965 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ibẹ̀ kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò kọ́ àwòrán rí ti bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán, tí ayé fi mọ Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh, Mùráínà Oyèlámì àti Rufus Ogundele. Kò sí òkúta iyebíye lára ilé náà. Ilé ẹ̀bá títì lásán ni. Ohun tí ó sọ ọ́ di ilé ìtàn ni pé ẹni tó ni ín ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àdúgbò.

Ẹ̀kọ́ láti Bàhíà

Ní Bàhíà tí àwọn Àgùdà ti wá, ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ ní adùn, ó sì ní ìkorò. Àdúgbò Pelourinho ní Salvador wà lára ibi tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 1985. Orúkọ náà gan-an túmọ̀ sí òpó tí wọ́n ń de ẹrú mọ́ láti nà án. Ní 1988 wọ́n ṣí Casa do Benin síbẹ̀ nínú ilé àtijọ́ kan. Lina Bo Bardi ni ó tún ilé náà yà, Pierre Verger, tí Ifá sọ lórúkọ ní Fátúmbí, ni ó sì kó ohun èlò jọ láti ẹkùn wa. Èyí dára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n láti ọdún 1992, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí tún gbogbo Pelourinho ṣe, ọ̀pọ̀ ìdílé adúláwọ̀ tálákà tí ń gbé inú àwọn ilé náà ni wọ́n kó kúrò pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Wọ́n kun ilé ní ọ̀dà tuntun, àwọn arìnrìn-àjò dé, ṣùgbọ́n àwọn tó fi ìlù àti ìdáná wọn sọ ibẹ̀ di ohun tí ayé ń wá wò, wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. A tún ilé ṣe, a lé onílé jáde. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ti wa.

Ní ìlú kan náà, ẹ wo Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọká, tí wọ́n ń pè ní Casa Branca. Àwọn obìnrin Yorùbá ni wọ́n dá a sílẹ̀, òrìṣà sì ni wọ́n ń bọ níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí àwọn mìíràn fẹ́ gba ilẹ̀ wọn, àwọn ọmọ ilé náà àti àwọn ọ̀mọ̀wé kó ara wọn jọ. Ní ọdún 1984 ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ dìbò pé kí a dáàbò bo ibẹ̀. Ìbò náà kò rọrùn, nítorí àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò rí ilé ńlá kankan níbẹ̀ tí ó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì olówó wúrà. Òun ni ibi ìjọsìn àwọn adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí Bràsíìlì ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ń lo ilé náà ni wọ́n kọ́kọ́ dìde. Ìwé ìjọba tẹ̀lé wọn ni, kò ṣáájú wọn.

Ní tòsí wa níhìn-ín pẹ̀lú, àwọn tó dá Black Cultural Archives sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1981 lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí wọ́n tó wọ ilé tiwọn ní Brixton ní 2014. Ilé àtijọ́ tí ó ti di àlápà ni wọ́n tún ṣe. Ẹni tó bá ní sùúrù ni í jogún irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó wà nílé olúkúlùkù wa. Ṣàṣà ni ìdílé láàrin wa tí kò ní ilé baba kan ní Èkó, ní Abẹ́òkúta, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Òṣogbo. Láti ìgbà dé ìgbà ni ìpè máa ń wọlé lálẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ sí ìwé yìí kíákíá, oníbàárà ti dé, ilé ti gbó." Àwa náà, nítorí pé ọ̀nà jìn, tí a kò sì fẹ́ ìjà ẹbí, a máa ń fọwọ́ sí i. Ìpín tiwa á dé sí báńkì, a ó fi san gbèsè tàbí ra ọkọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wa bá dàgbà tí wọ́n bá bèèrè ibi tí a ti wá, ilé ìtajà olókè mẹ́fà la ó nawọ́ sí.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìní rẹ̀. Àìní ń bẹ, a sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a bèèrè ìbéèrè kan kí a tó fọwọ́ sí ìwé: kí ni àdúgbò lè fi ilé yìí ṣe? Bóyá ìsàlẹ̀ lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí owó rẹ̀ yóò máa tún òrùlé ṣe, kí òkè sì jẹ́ yàrá ìkàwé fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Bóyá ẹgbẹ́ onílù tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ewì lè máa pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí àwọn ẹbí tí ń gbé inú rẹ̀ máa gbé e lọ, nítorí àwọn ni ẹni tí jíjò ilé ń dùn. Kí a jọ ṣe àdéhùn sínú ìwé níwájú lọ́yà, kí gbogbo ìdílé fọwọ́ sí i, kí ẹnìkan ṣoṣo má lè dá a tà. Kí a wá àgbà bíríkìlà tó mọ ògiri amọ̀ kí a tó ra sìmẹ́ǹtì. Kódà bí kò bá sí owó rárá, kí a ya fọ́tò gbogbo yàrá, kí a gba ohùn àwọn àgbà ilé sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.

Kò sí èyí tí ẹnìkan lè dá ṣe nínú gbogbo rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn Àgùdà kò ní ju iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, síbẹ̀ wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún wa. Àwa tí a ní ìwé, tí a ní owó díẹ̀, tí a sì lè wọ ọkọ̀ òfurufú délé láàrin wákàtí díẹ̀, kí ni àwa yóò fi sílẹ̀?

Nígbà tí ìpè yẹn bá tún wọlé, ẹ má ṣe yára fọwọ́ sí ìwé. Ẹ bèèrè bí òrùlé ti rí, ẹ bèèrè ẹni tó ń gbé inú ilé, ẹ bèèrè ẹni tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ilé baba wa wó lójú wa. Àṣẹ.